Síkì tí a ń fi ẹsẹ̀ gbé gun òkè: kí ni kí n rà ní Abuja, kí ni kí n háyà lọ́hùn-ún?

Ọmọ_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Èmi àti àwọn mẹ́rin kan ń lọ sí Tirol ní Austria nínú oṣù kẹta, ọjọ́ márùn-ún gbáko pẹ̀lú afinimọ̀nà. Síkì ni pátákó gígùn méjì tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ olókùn ń gbé èèyàn gòkè o. Ẹsẹ̀ la ó fi gòkè, síkì á wà lẹ́sẹ̀ wa, a ó wá sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín tí ẹ̀rọ kankan ò tẹ́. Afinimọ̀nà ní ká múra sílẹ̀ fún 900 sí 1000 mítà ìgòkè lójúmọ́. Mo lè síkì lórí ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́, títí kan èyí tó le díẹ̀. Ti ìgòkè yìí ló ṣàjèjì sí mi.

Mo ga ní 1.78 mítà, mo wọn kílò 82, bàtà 43 ni mò ń wọ̀. Ẹnì kan tó ń ta òkirikà ní ọjà Wuse ní bàtà síkì kan: ó mọ́, ìkọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, owó rẹ̀ kò ju ti bàtà kánfáàsì lọ. Ṣé kí n gbé e? Báíńdìn, ìyẹn irin tó ń so bàtà mọ́ síkì, èwo ni kí n béèrè fún? Awọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ síkì ńkọ́? Àti pé ibo lèèyàn ti lè múra ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní Abuja tí kò sí yìnyín yìí?

Àdùkẹ́_Gwarinpa

Ẹ má gbé e. Ká tó máa sọ pé ó mọ́, ẹ yí imú bàtà náà wò. Bàtà ìgòkè ní ihò irin kékeré méjì níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Ó tún ní irin mìíràn ní gìgísẹ̀ tó ní ojú tóóró méjì. Ibẹ̀ ni píìnì báíńdìn ń wọ̀. Bí imú bàtà bá jẹ́ ike lásán, bàtà ìsọ̀kalẹ̀ nìkan nìyẹn, báíńdìn tó fúyẹ́ kò ní gbà á. Irú wọn ló sì pọ̀ jù nínú bélì òkirikà.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí ike. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ bàtà síkì, ọ̀rinrin àti ooru sì máa ń jẹ ẹ́ láti inú wá nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Bàtà tó ti sun ọdún mẹ́wàá nínú yàrá ẹrù, tó tún wá jókòó sábẹ́ páànù ní Wuse, lè fọ́ bí ìkòkò amọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fa ìkọ́ rẹ̀ pa. Lórí òkè, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́. Akoto òkirikà náà, ẹ fi í sílẹ̀, torí ẹ ò mọ ohun tó ti gbá a rí.

Ohun tí òkirikà dára fún ni aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀, ṣòkòtò síkì, ìbọ̀wọ́ nípọn, gbogbo rẹ̀ wà ní Wuse àti Utako. Ẹ yí jákẹ́ẹ̀tì náà síta, ẹ wo téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú rírán. Bó bá ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fa sípù rẹ̀ lọ sókè sódò nígbà mẹ́ta, ẹ da omi díẹ̀ sí èjìká. Bí omi bá ń yí lórí rẹ̀ bí ìrì lójú ewé kókò, ẹ san owó.

Ó wá ku bàtà gan-an. Bí owó yín bá máa ra ẹyọ nǹkan kan, bàtà ni kó rà. Kí ẹ háyà ìyókù. Síkì tó burú díẹ̀ á kàn bí yín nínú, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu á dá yín padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kejì. Ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà 43 yẹn. Sẹ̀ntímítà ni wọ́n fi ń wọn bàtà síkì. Ẹ dúró lórí bébà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ sàmì sí orí ọmọ ìka tó gùn jù, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó gùn jù ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ 27.2, ojú 27 tàbí 27.5 lẹ wà, ike kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bàtà inú (èyí tó rọ̀ tó wà nínú ike) kúrò, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ inú ike nìkan, kí ọmọ ìka kan iwájú díẹ̀. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gìgísẹ̀. Mìlímítà 10 sí 15 ló dára, ìyẹn bí ìka ọwọ́ kan tàbí ìka kan àti díẹ̀. Bí ìka méjì bá wọ ibẹ̀ wọ̀ọ̀, bàtà ti tóbi, gìgísẹ̀ yín á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, yóò sì bó kí wákàtí kan tó pé. Àwọn tó ń tà á á mú bàtà inú gbóná kó lè mú àwòrán ẹsẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, iṣẹ́ tó wà lára owó tí ẹ san ni.

Ní ti ìwọ̀n, kílò 1.2 sí 1.4 fún ẹyọ kan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, rírọ̀ rẹ̀ á dà yín láàmú nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tín-ín-rín, tó gùn dé orókún. Ẹni tó bá wọ méjì nítorí òtútù ti fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pa, òtútù náà ló sì máa mú un jù.

Baba_Rayfield

Àdùkẹ́ ti sọ òkodoro lórí bàtà, àmọ́ mo ní àríwísí díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní padà lọ lẹ́yìn ọdún yìí, 400 sí 700 yúrò lórí bàtà tuntun pọ̀ jù. Ẹ háyà òun náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa rà á, ẹ dé Innsbruck, olú ìlú Tirol, ní ọjọ́ kan ṣáájú àwọn yòókù, ẹ fi bàtà yẹn rìn gòkè àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ibi tó bá ń ta yín níbẹ̀, ẹ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì lẹ pílásítà mọ́ gìgísẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bó bá ti léròrò, pílásítà ti pẹ́.

Báíńdìn: onípíìnì ni kí ẹ béèrè fún. Píìnì méjì ló ń di imú bàtà mú, ẹsẹ̀ á máa lọ sókè sódò lórí wọn bí ilẹ̀kùn lórí àgbékọ́. Fritz Barthel, ọmọ Austria kan, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, Dynafit sì sọ ọ́ di ohun ọjà. Oríṣi mìíràn tún wà tí gbogbo pátákó rẹ̀ ń bá gìgísẹ̀ gbéra, ṣùgbọ́n ó wúwo, gbogbo ìwọ̀n yẹn lẹ ó sì máa gbé ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibi méjì ni báíńdìn onípíìnì ti ń mú èèyàn. Àkọ́kọ́, yìnyín máa ń kó sábẹ́ sípíríǹgì iwájú, ó sì ń le síbẹ̀. Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dún “kà!”, ẹ rò pé ó ti wọlé, àmọ́ píìnì kan ṣoṣo ló wọ ihò. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀pá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ dànù, ẹ gbọn yìnyín kúrò nínú ihò bàtà, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ fì síwájú sẹ́yìn nígbà mẹ́wàá kí ẹ tó fa ọwọ́ iwájú báíńdìn sókè. Bí kò bá tíì wọ̀ dáadáa, á já nígbà tí ẹ bá ń fì í, ìyẹn sì sàn ju kó já ní ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Èkejì ni ọwọ́ iwájú yẹn fúnra rẹ̀. Nígbà ìgòkè, ẹ fà á sókè kó tì pa. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá gbàgbé tó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní títì, bó bá ṣubú síkì ò ní já, egungun ló máa já. Iye tí báíńdìn fi ń já, ẹ má yí i fúnra yín. Ṣọ́ọ̀bù á béèrè ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí, gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ní mìlímítà (wọ́n kọ ọ́ sára ike) àti bí ẹ ṣe ń síkì sí. Ẹ má fi ìtìjú parọ́ ìwọ̀n ara yín.

Síkì: fífẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mìlímítà 85 sí 95, gígùn bíi 170 sẹ̀ntímítà fún gíga yín, kílò 1.3 sí 1.5 ẹyọ kan. Ó parí.

Awọ ni kí n dúró lé díẹ̀. Irun rẹ̀ dà sẹ́yìn, bí ẹ bá ti síkì síwájú á yọ̀, bó bá fẹ́ padà sẹ́yìn irun á dúró ṣánṣán, á di yìnyín mú. Awọ irun ewúrẹ́, tí wọ́n ń pè ní mohair, ń yọ̀ dáadáa, ó sì fúyẹ́. Ti náílọ́ọ̀nù ń di ilẹ̀ mú jù, ó sì ń pẹ́. Èyí tí wọ́n pò pọ̀, 70 mohair sí 30 náílọ́ọ̀nù, ni kí ẹ gbà. Ẹ wò ó kó bo gbogbo abẹ́ síkì, kó ṣẹ́ irin etí méjèèjì kù ní bíi mìlímítà 2 sí 3. Bí awọ bá bo irin, síkì ò ní rí ohun fi gé yìnyín líle, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ ó máa yọ̀ sí.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni gọ́ọ̀mù. Òtútù tó pọ̀, omi, àti ìdọ̀tí ló ń pa á. Nígbà tí ẹ bá bọ́ awọ lókè, ẹ má sọ ọ́ sí yìnyín. Ẹ pa ojú gọ́ọ̀mù méjì pọ̀, ẹ fi í sínú jákẹ́ẹ̀tì ní àyà, níbi tí ara ti ń gbóná. Tí ẹ bá tún fẹ́ gòkè, ẹ nu abẹ́ síkì gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ mú okùn rọ́bà síkì mẹ́ta dání, torí bí gọ́ọ̀mù bá kọ̀, rọ́bà lẹ ó fi so awọ mọ́ ọn délé. Ní oṣù kẹta pàápàá, oòrùn á ti yọ́ yìnyín apá kan, awọ á mu omi níbẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ́ sínú òjìji tí yìnyín gbẹ, omi yẹn á dì, yìnyín á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Ẹ fi ìda (wax) tí wọ́n ń tà fún awọ ra á láàárọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá ń yọ̀ sẹ́yìn, ẹ má fi ara tẹ̀ síwájú. Gbogbo ẹni tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ nàró, kí ìwọ̀n ara wà lórí gìgísẹ̀, kí gbogbo awọ lè kan ilẹ̀. Ẹ má gbé síkì sókè bí ẹni ń sáré nínú ẹrẹ̀, ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀. Àti pé ẹ béèrè fún irin eléyín tí wọ́n ń fi sábẹ́ bàtà fún àárọ̀ tí yìnyín bá le bí gíláàsì. Ó gbọ́dọ̀ bá báíńdìn mu, kó sì fẹ̀ tó síkì; ti mìlímítà 80 kò ní wọ síkì 90.

Ọmọ_Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi bàtà Wuse sílẹ̀. Ẹnì kan nínú wa sọ pé afinimọ̀nà ní ẹ̀rọ ìwárí (èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín ya bò mọ́lẹ̀), pé kò yẹ kí gbogbo wa háyà rẹ̀, kí á kàn pín owó báàgì abáfẹ́fẹ́wú kan (èyí tó ń wú kí yìnyín tó ń ya má baà bo ẹni tó gbé e). Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Olókè_Asokoro

Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni yẹn pé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ afinimọ̀nà nìkan dà bí fóònù kan ṣoṣo láyé. Ta ni yóò pè? Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní mẹ́ta: ẹ̀rọ ìwárí, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wò (kó má kéré sí sẹ̀ntímítà 240), àti ṣọ́bìrì onírin. Ẹyọ kan kò wúlò láìsí ìyókù. Ẹ̀rọ náà á sọ ibi tó sún mọ́, ọ̀pá á fi ojú ibẹ̀ hàn, ṣọ́bìrì á gbẹ́ ẹ, torí yìnyín tó ya lulẹ̀ máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ kò lè wú u. Àǹfààní ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti yè ń já wálẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, kò sì dájú pé hẹlikọ́pítà á ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ máa yọ ọ́.

Gbogbo ẹ̀rọ ìwárí ló ń lo ìgbì rédíò kan náà, 457 kHz, nítorí náà ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe pàtàkì. Ẹ gba èyí tó ní eriali mẹ́ta. Bátìrì alkaline tuntun ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe èyí tí a ń ṣáájì. Èyí tí a ń ṣáájì máa ń kú lójijì, iye tí ẹ̀rọ ń fi hàn kò sì ní bá a mu. Ẹ gbé e wọ̀ sábẹ́ aṣọ òkè láàárọ̀, ẹ má bọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí fóònù jìnnà sí i ní sẹ̀ntímítà 20, bí ẹ bá wá ń wá èèyàn, 50.

Ẹ lè kọ́ ọ ní Abuja bí ẹ bá rí méjì yá. Kí ẹnì kan fi ọ̀kan sínú àpò, kó bò ó mọ́ inú koríko ní ọgbà ìgbafẹ́ Jabi, jìnnà sí wáyà iná. Ẹ máa tẹ̀lé ọfà àti nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ti di 3, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ẹ̀rọ sún mọ́ ilẹ̀, ẹ má yí i lọ́wọ́ mọ́, ẹ kàn tì í síwájú, sẹ́yìn, ọ̀tún, òsì, títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tó kéré jù. Lórí yìnyín, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gún ọ̀pá yí ká ní àlàfo sẹ̀ntímítà 25. Bí ọ̀pá bá ti kan èèyàn, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ẹ gbẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ń gbẹ́ láti òkè ń dúró lórí àyà ẹni tó fẹ́ gbà là.

Ohun tó ju irinṣẹ́ lọ: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti ń ya jù. Fóònù yín lè wọn dígírì. Àmọ́ ilẹ̀ títẹ́jú tó wà lábẹ́ irú ibẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Ìròyìn ewu yìnyín ti Tirol ń jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ kejì, ìpele rẹ̀ márùn-ún. Ẹ má wo ìpele 3 bí àárín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń bá ìpele yẹn lọ, torí àwọn èèyàn rò pé ó ṣì dáa. Ní oṣù kẹta, oòrùn ọ̀sán ń rẹ yìnyín, ìdí nìyẹn tí afinimọ̀nà á fi jí yín ní òru. Ẹ má ráhùn. Nọ́ńbà àwọn tó ń gbani lórí òkè ní Austria ni 140. 112 náà ń ṣiṣẹ́.

Báàgì abáfẹ́fẹ́wú dára, àmọ́ ẹni tó gbé e sẹ́yìn nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, kò sì rọ́pò àwọn mẹ́ta yẹn. Bó bá ní sílíńdà afẹ́fẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó dé pápákọ̀. Ẹ háyà rẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ẹ máa ṣàlàyé sílíńdà fún òṣìṣẹ́ ààbò ní Abuja.

Ẹ tún ka ìwé ìbánigbófò yín. Èyí tí ẹ rà fún físà Schengen, ti 30,000 yúrò, ìtọ́jú pàjáwìrì ló wà fún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì gba síkì tó kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n tẹ́, tàbí owó hẹlikọ́pítà. Ẹ béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣadé_Lugbe

Ti ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn. Kò sí òkè kan nínú ìlú Abuja tó máa fún yín ní 1000 mítà lẹ́ẹ̀kan, àfi kí ẹ gun ọ̀kan léraléra. Ẹ fi fóònù wọn ìgòkè Katampe tàbí òkè tó bá sún mọ́ yín. Bó bá fún yín ní 100 mítà, ìgbà mẹ́wàá ni ẹ ó gùn ún kí ẹ tó sọ pé ẹ ti múra. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́wàá jẹ́ bíi 30 mítà, nítorí náà ìgbà 33 ni 1000 mítà. Ó ń súni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 300 mítà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa fi 100 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, báàgì kílò 8 lẹ́yìn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni kí ẹ jáde kí ooru tó dé. Ẹ má dá lọ sórí òkè Mpape tàbí Bwari. Ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ tó mọ ibẹ̀ lọ.

Ẹ má sáré gòkè. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ìwọ̀n yẹn ni. Ẹni tuntun tó bá ń gòkè ní 300 mítà ní wákàtí kan ń ṣe dáadáa, 1000 mítà yín jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ láìka ìsinmi. Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa jẹ itan jù, torí náà ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ka mẹ́ta kí ẹsẹ̀ kejì tó kan ilẹ̀.

Bí ẹ bá ráàyè, òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Shere Hills lẹ́bàá Jos tún dára. Ibẹ̀ ga ju 1800 mítà lọ lókè pátápátá. Kò tó láti mú ara mọ́ 3000 mítà o, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, á kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ yín lọ́gbọ́n.

Ọmọ_Kubwa

Ó yé mi. Ìkan tó kù: bí mo bá ra bàtà àti awọ, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn nínú ooru Kubwa títí di ọdún tó ń bọ̀?

Baba_Rayfield

Gọ́ọ̀mù awọ lẹ máa ṣọ́ jù. Ẹ tẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sáàárín ojú gọ́ọ̀mù méjèèjì, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá tó ń tì pa. Yàrá tó tutù jù nínú ilé ni kó wà, lórí ilẹ̀, kì í ṣe lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ooru ń gòkè sí. Fíríìjì náà dára, bí iná bá ń wà ládùúgbò yín. Búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa ni kò gbọ́dọ̀ dé: ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti sọ gọ́ọ̀mù di àtè tó ń fà yọ̀ọ̀, á fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ síkì, kò ní sí lára awọ mọ́.

Bàtà: ẹ yọ bàtà inú, kí méjèèjì gbẹ fún ọjọ́ méjì nínú òjìji, ẹ dá a padà, ẹ ti ìkọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ kí ike má baà yà. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìwárí, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá padà dé.